Rísíìtì Iṣu Tí O Kọ fún Bàbá Rẹ

Mùlíkátù, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Àáfà tó ń bá mi kọ ìwé yìí ní kí n kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà rẹ kí n tó wí ohunkóhun. Mo ti béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó ní ara gbogbo yín le, ó ní àbíkẹ́yìn rẹ ti ń rìn. Ọpẹ́ ni fún Allah. Nítorí náà n kò ní béèrè mọ́. Èmi náà wà láàyè. Orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, orúnkún kò sì sí nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

O mọ̀ pé n kì í kọ lẹ́tà. Àgbẹ̀ ni bàbá tèmi, oko ló fi mí sí, kò fi mí sí ilé ìwé, n kò sì bá a jà nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n fẹnu sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ, a ó jà kí n tó dé ìdajì. Èmi yóò gbé ohùn sókè, ìwọ yóò kúnlẹ̀, wàá dákẹ́, dídákẹ́ rẹ yóò sì tún bí mi nínú. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí Àáfà mú bírò. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa sọ ọ́. Tọ́jú rẹ̀ síbi tí ọwọ́ rẹ ti lè tó o nígbà tí ọkọ̀ kejì tí o ń rà yẹn bá dé.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dùn mí.

Nígbà tí Láwàní, dẹ́rẹ́bà rẹ, gbé iṣu mi wá láti oko wa lọ́nà Bódè Sáàdù, inú mi dùn. Iṣu ọdún yìí tóbi, ó sì mọ́ lára. Ọkọ̀ rẹ ń bọ̀ lófìfo láti Jẹ́bà, mo dá a dúró létí ọ̀nà bí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí o ti rà á, a kó iṣu sí i, Láwàní já a fún àwọn oníṣu ní Ọjà-Ọba. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ni Láwàní wá sílé. Kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó na ìwé pélébé kan sí mi, ilẹ̀ ló ń wò.

Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní kí n fún yín."

Mo ní ta ni wọ́n. Ó ní ọ̀gá àwọn ni.

Àáfà yìí kan náà ló kà á fún mi. Ó ka orúkọ mi. Ó ka iṣu. Ó ka owó ọkọ̀. Mo ní kó tún un kà, torí mo rò pé bóyá ẹlòmíràn kan wà ní Ṣàngó, níbi tí ọ́fíìsì rẹ wà, tó ń jẹ́ orúkọ mi, tí òun náà ń gbin iṣu. Ó tún un kà. Èmi náà ni. Ọmọ tí mo bí kọ rísíìtì fún mi.

Mùlíkátù, mo ti pẹ́ láyé, ohun tó yà mí lẹ́nu tó ìyẹn kò pọ̀. Tíì tí mo ń mu tutù sí mi lọ́wọ́. Àwọn màlúù tí mo tà kí owó ọkọ̀ àkọ́kọ́ yẹn lè pé ló wá sí mi lọ́kàn, pàápàá abo funfun tó máa ń tẹ̀ lé mi kiri bí ọmọdé. Mo rí i lójú mi bí wọ́n ṣe ń fà á lọ, tó ń bojú wẹ̀yìn. Mo wá ní ṣé nítorí ìwé yìí náà ni mo ṣe tà á.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ ní Ọjà-Ọba. Kí a tó dé Post Office, mo ti ro gbogbo ẹjọ́ rẹ fún ọmọkùnrin tó ń wà á. Ó ń mi orí títí tí mo fi sọ̀ kalẹ̀ ní Ṣàngó. Ó wá na ọwọ́, ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ̀yin kọ́ lẹ bí èmi o. Ẹ san tèmi."

Mo san án. Ìyẹn náà tún dá kún ìbínú mi.

Ohun tí mo ṣe nígbà tí mo dé ọ́fíìsì rẹ, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ rí i. Mo fa rísíìtì náà ya lójú wọn. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìyá rẹ tó ti ṣe aláìsí, èyí tí n kò ní tún sọ níhìn-ín, tí Allah yóò sì dárí rẹ̀ jì mí. O kúnlẹ̀, o kí mi, o ní kí n jókòó. Mo ní n kò jókòó. O dìde, o mú báàgì rẹ, o ní, "Ẹ kúkú má jókòó, Bàbá. Ọ́fíìsì owó-orí ni mò ń lọ báyìí. Ẹ ká lọ. Ẹ sáà máa gbọ́."

Ìbínú ni mo fi tẹ̀ lé ọ. Má ṣe rò pé ìgbọràn ni.

O wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n o kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú mi, òun ni mo fẹ́ kí o mọ̀. Obìnrin tó dá wa lóhùn, tó wọ hìjáàbù aláwọ̀ ewé yẹn, kí mi dáadáa, ó fún mi ní àga, kí n sì tó fìdí lé e ni mo ti ro ẹjọ́ rísíìtì fún òun náà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní òun gbọ́. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọ. Ìwé ẹ̀rí tí yóò fi hàn pé o ń san owó-orí bó ti yẹ ni o wá gbà, torí ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun kò ní jẹ́ kí o máa kó ẹrù àwọn láìsí i. Ó tẹ́ àwọn ìwé rẹ sórí tábìlì. Ó ní dísẹ́ẹ̀lì tí o rà láàárín ọdún pọ̀, ọkọ̀ tó jó irú dísẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ti rìn jìnnà, àmọ́ ìrìn àjò tí o sọ pé o gbowó lé lórí kò tó ìdajì rẹ̀.

Ó ní, "Mádáàmù, owó àwọn ìrìn àjò yòókù dà?"

Mo ń wo ẹnu rẹ. Mo ń retí kí o fèsì, torí mo mọ̀ ọ́, o kò jalè rí. O kò sọ nǹkan kan. Ọwọ́ ara rẹ ni o ń wò. Obìnrin náà ní bí o kò bá ní àlàyé, òun á kà á sí owó tí o fi pamọ́. Wàá san owó-orí rẹ̀, wàá san owó ìtánràn lé e, ìwé ẹ̀rí náà kò sì ní jáde títí wọn yóò fi yanjú rẹ̀. Èmi náà mọ ohun tí ìyẹn ń sọ. Bí oṣù bá parí tí ìwé náà kò bá jáde, ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun yóò pe ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá pe ẹlòmíràn, kò sí ohun tí o máa fi san ìyókù owó ọkọ̀ kejì. Ọkọ̀ náà á lọ, owó tí o ti san sílẹ̀ á tẹ̀ lé e.

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n yọ àga kúrò nídìí mi.

Èmi ni àwọn ìrìn àjò yòókù.

Iṣu mi ni, láti èṣí títí di ọdún yìí. Àga àti àtíbàbà tí wọ́n fi ṣe ìyàwó ní agbo ilé wa ni. Yanrìn àti sìmẹ́ńtì mọ́sáláṣí ni. Ẹrù Yìnúsà àbúrò mi ni, nígbà tó kó lọ sí ilé tuntun. Ewúrẹ́ Iléyá tí Àlàbí ẹléwúrẹ́ ń kó wá láti Bódè Sáàdù ni. Èmi ni mo ń fún wọn ní ọkọ̀. N kò bi ọ́ léèrè lẹ́ẹ̀kan rí. Láwàní ni mo máa ń pè, mo máa ń sọ fún un pé bàbá ọ̀gá rẹ ló ń sọ̀rọ̀. Dísẹ́ẹ̀lì rẹ ló ń jó. Ìwọ wá jókòó síwájú àlejò, o gbà kí wọ́n fi ojú olè wò ọ́, kí o má baà na ìka sí bàbá rẹ.

Ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ náà ju ti rísíìtì lọ. Ti rísíìtì, inú ló bí mi. Èyí, n kò mọ orúkọ tí mo lè pè é.

Mo bá lanu. Mo ní, "Ọmọ mi, èmi ni mo fi ọkọ̀ yẹn kó ẹrù. Kò sówó kankan níbẹ̀. Ẹrù ẹbí ni."

Ó ní, "Ìwé rẹ̀ dà, Bàbá?"

Mo ní ìwé wo. Mo ní ta ló ń kọ̀wé fún ẹbí. Mo ní ṣebí a ń yọ sàká ọkọ̀ náà lọ́dọọdún, a kì í jẹ sàká mọ́ ọn. Ó ní Allah á gbà á, ṣùgbọ́n tàwọn yàtọ̀. Mo tún ní gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tí Láwàní ń já lójú ọ̀nà ńkọ́, tó ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú títí tí kò fi fẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ó ní ti gáréèjì nìyẹn, òmíràn sì jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ owó-orí nínú rẹ̀. Ẹnu tún yà mí. Láti ìgbà tí mo ti ń rí tíkẹ́ẹ̀tì lára ọkọ̀, mo rò pé owó-orí náà ni, pé bí wọ́n bá ti pọ̀ lára gíláàsì tó bẹ́ẹ̀, ọrùn ẹni ti mọ́.

Ìgbà náà ló fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. "Bàbá, mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa níbí, ọkọ̀ tó bá ti rìn ti ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ ló rìn, ẹ kọ ọ́ pé ọ̀fẹ́ ni, kí ẹni tó lẹ́rù fọwọ́ sí i. Ohun tí Mádáàmù wá bẹ̀rẹ̀ sí ṣe lẹ ń bá wọn jà lé lórí yẹn."

Ó fún wa ní àyè títí di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí gbogbo ẹni tí ọkọ̀ gbẹ́rù fún lọ́fẹ̀ẹ́ fọwọ́ síwèé. Nígbà tí a jáde, mo sọ fún ọ pé kí o lọ sinmi, pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni, mo máa parí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. O wò mí, o ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Mo rò pé o kò gbà mí gbọ́ ni. Ìsinsìnyí ló yé mi pé o mọ̀ wọ́n jù mí lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, n kò sọ ọ́ fún ọ. Ìtìjú ni.

O rántí sàárà tí a ṣe nígbà tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ dé. A gbé e síwájú agbo ilé, a pín màsà àti ẹran, gbogbo àgbà ilé wa gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti ṣe àdúrà tirẹ̀ tán, òmíràn á gbà á. "Allah, fi àlùbáríkà sí ọkọ̀ wa." "Allah, má jẹ́ kí ọkọ̀ wa rí ìjàǹbá." Èmi ni mo ṣe àmín kíkan jù lọ. Bí a ti ń ṣe nílé wa nìyí. Ẹni tó bá ti ṣe àmín sí nǹkan gbà pé òun ní ìpín níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́ kí ẹnì kan nílé pè é ní ohun mìíràn ju ọkọ̀ wa lọ.

Mo kọ́kọ́ lọ bá Yìnúsà. Àbúrò mi ni, ọmú kan náà la mu. Mo ní kó wá fọwọ́ síwèé pé ọkọ̀ wa ló kó ẹrù rẹ̀. Ó ní ìwé kí ni. Mo ní ti owó-orí. Ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀ títí, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọkọ̀ Mùlíkátù lẹ ń sọ yẹn?"

Mùlíkátù, mo wo ẹnu rẹ̀ bíi pé ẹlòmíràn ló ń gba ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ó ṣì ń pè é ní ọkọ̀ wa. Ó ní ọmọ ilé ìwé ni ìwọ, o mọ bí wọ́n ti ń bá ìjọba sọ̀rọ̀, pé òun kò fẹ́ kí orúkọ òun dé ibẹ̀, torí kí wọ́n má baà wá bi òun náà léèrè ohun tí òun ń tà. Ó ní òun á fi àdúrà ràn ọ́ lọ́wọ́.

Àlàbí ẹléwúrẹ́ ló wá ṣe èyí tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú sí. Ó ní òun kò rántí pé òun fi ọkọ̀ kó ewúrẹ́. Mo ní báwo ni wọ́n ṣe dé Ìlọrin. Ó ní ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn. Láti Bódè Sáàdù. Ewúrẹ́. Ó wo ojú mi, ó sọ ọ́, ojú rẹ̀ kò sì yí padà. Àwọn ará mọ́sáláṣí ní ìgbìmọ̀ ló lè fọwọ́ sí irú rẹ̀, ìgbìmọ̀ kò sì tíì mọ ìgbà tí wọ́n máa jókòó. Bí mo ti ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn nìyẹn, tí ọkọ̀ wa ń di ọkọ̀ Mùlíkátù níṣojú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Sàúdátù, nìkan ni kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ó ní, "Ibo ni kí n tẹ̀ ẹ́ sí?" Ó tẹ ìka sínú tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ó ní, "Ọmọ yẹn gbé igi ìdáná wá fún mi nígbà òjò. Bí wọ́n bá fẹ́ mú mi, wọ́n mọ ilé." Lẹ́yìn náà èmi náà tẹ tèmi, mo tẹ̀ ẹ́ sí gbogbo ibi tó jẹ́ pé èmi ni mo pàṣẹ ẹrù.

O rí ìyókù rẹ̀. Obìnrin náà gba èyí tí a fọwọ́ sí. Èyí tí kò ní ìka ẹnikẹ́ni, o san owó-orí rẹ̀, owó-orí lórí owó tí o kò rí gbà. Ewúrẹ́ tó fẹsẹ̀ rìn, o san tiwọn. Owó táyà tí o ń kó jọ ló bá a lọ. O san án, o gba ìwé ẹ̀rí rẹ, o mú mi dé ibi tí mo ti wọ kẹ̀kẹ́, o kò sọ̀rọ̀ kan tó lè dùn mí. Ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun gbà ọ́, mo sì gbọ́ pé ọkọ̀ kejì ń bọ̀. Àlùbáríkà á wà níbẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn, bí o tilẹ̀ ti mọ̀wé jù mí lọ.

Èkíní, owó-orí. Bí owó ọkọ̀ bá ti wọlé, yọ tìjọba sọ́tọ̀ kí o tó fọwọ́ kan èyí tó kù, bí a ti ń ya sàká sọ́tọ̀. Má ṣe dúró di ìgbà tí wọ́n bá béèrè. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, títí kan èmi, sọ fún ọ pé sàká ti gba ipò rẹ̀, tàbí pé tíkẹ́ẹ̀tì ojú ọ̀nà ni. Mo ti bá wọn jà lé e lórí, wọn kò gbà.

Èkejì, má ṣe jẹ owó ọkọ̀ tán. Nígbà tí mo wà lọ́mọkùnrin, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan da owó pọ̀, a ra ògbólógbòó lọ́rì onípákó kan. Ohun tó bá mú wálé la máa ń jẹ. A rán aṣọ, a fẹ́ ìyàwó. Lọ́jọ́ tó dákú lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ẹrù tòmátì, kò sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa láti fi pe mẹkáníìkì. A dúró tì í nínú oòrùn títí tòmátì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro sílẹ̀ láàárín pákó. Àwọn obìnrin abúlé tó wà nítòsí gbé abọ́ wá, wọ́n ń gbé e sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Mo ṣì ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Owó táyà rẹ tó bá owó-orí lọ, kó o jọ padà kí o tó ra ohunkóhun sílé. Ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ ti fá, má jẹ́ kó gbé ìyẹ̀fun oníyẹ̀fun.

Láwàní. Mo pè é lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, mo bi í pé nígbà tí mo ń rán an kiri, ta ló ń fún un lówó oúnjẹ. Ó ní kò sẹ́ni. Ó ní àpò ara òun ni. N kò mọ̀. Mo rò pé ìwọ ni. Ìwọ kò sì lè mọ̀, torí kò lè sọ fún ọ pé bàbá rẹ rán òun níṣẹ́. Dá a padà fún un. Owó-orí tí ìjọba ní kí o yọ nínú owó oṣù rẹ̀, yọ ọ́, kí o sì jẹ́ kó mọ iye tí o yọ àti ibi tí o san án sí, kó má lọ rò pé o ń jẹ òun ní gbèsè. Jẹ́ kó sinmi. Bó bá ti Jẹ́bà dé, má jẹ́ kó tún forí lé ọ̀nà kí ó tó sùn. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá pè é, kó kọ́kọ́ pè ọ́. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò ní bínú?" Mo ní mo máa bínú, ṣùgbọ́n kó pè ọ́.

Àáfà ní ìmọ̀ràn kẹrin la kàn báyìí. Mo ní kó má bá mi kà á.

Ti ẹbí ló le jù. N kò ní kí o lé wọn. Ilé wa ni, ibẹ̀ la ti sin ọ́ lọ sílé ọkọ, ibẹ̀ ni wọ́n máa sin èmi sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe nǹkan, kó wá sí Ṣàngó, kó jókòó sórí àga bí àwọn oníbàárà tó kù. Fún wọn ní iye tó rọrùn, kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Èyí tí o bá fẹ́ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kọ ọ́ pé ọ̀fẹ́ ni, kí wọ́n sì tẹ̀ka síbẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹni tí kò bá lè tẹ̀ka, jẹ́ kí ewúrẹ́ rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn. Bí ó bá jẹ́ òkú ló wà nílẹ̀, má gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lórí èyí, n kò gba àlàyé kankan, yálà tìrẹ tàbí ti obìnrin owó-orí. Kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wí, ṣùgbọ́n má gbowó. Igi Ìyá Sàúdátù náà, má gbowó lórí rẹ̀ títí ayé.

Sàárà ọkọ̀ kejì, a máa ṣe é. Mo mọ̀ pé o ti ń rò ó pé kí o ṣe é ní bòókẹ́lẹ́ ní Ṣàngó. Má ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní o ń sá fún wọn. Gbé e wá síwájú agbo ilé. A ó pín màsà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa kọ́kọ́ gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, èmi ni mo máa kọ́kọ́ ṣàdúrà, ohun tí mo sì máa sọ ni kí Allah fi àlùbáríkà sí ọkọ̀ Mùlíkátù. Mo máa sọ ọ́ sókè. Mo fẹ́ kí Yìnúsà ṣe àmín sí i.

Nǹkan kan tún kù, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ dáadáa kí o má baà rò pé ọkàn mi ti rọ̀ pátápátá. Bí o ti ṣe rísíìtì yẹn kò dára. O kò gbọ́dọ̀ fi rán Láwàní. Ìwọ ni ó yẹ kí o wá, kí o jókòó tì mí, kí o sọ fún mi pé, "Bàbá, báyìí báyìí ni wọ́n wí." Mo lè lé ọ jáde. Wàá tún padà wá lọ́jọ́ kejì. Mo máa ń gbọ́ lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, Yìnúsà àti àwọn àgbà tó kù jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi bí wọ́n ti máa ń ṣe lẹ́yìn ìrun. Ẹnì kan ní ọmọ òun máa ṣe ìyàwó, ó ní kí n bá òun bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀, kí ọkọ̀ wa wá kó àga. Ó pè é ní ọkọ̀ wa. Yìnúsà wà níbẹ̀, kò sì bi í pé ọkọ̀ wo. Mo ní kó lọ sí Ṣàngó, kó lọ gba rísíìtì. Ó ní ọmọ yín máa gbowó lọ́wọ́ wa? Mo ní ó kọ rísíìtì fún èmi gan-an. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mò ń ṣàwàdà, wọ́n ní kí n fi rísíìtì náà hàn wọ́n bí ó bá jẹ́ òótọ́.

N kò rí i fi hàn wọ́n. Mo ti fà á ya lójú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ.

Nítorí náà, Mùlíkátù, kọ òmíràn. Kọ orúkọ mi sí i gàdàgbà, kọ iṣu, kọ owó ọkọ̀, má ṣe dín kọ́bọ̀ kúrò nínú rẹ̀ nítorí mo jẹ́ bàbá rẹ. Owó náà wà lọ́wọ́ Àáfà tó mú ìwé yìí bọ̀. Fi rísíìtì náà rán an padà kí Jímọ̀ tó dé. Mo ti kan ìṣó mọ́ ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, lókè ibi tí Yìnúsà máa ń jókòó sí.

Ìka mi ló wà nísàlẹ̀ yìí. O ti mọ̀ ọ́n, àwọn ará ọ́fíìsì owó-orí náà sì ti mọ̀ ọ́n.

Bàbá rẹ.